Àwòrán inú jọ́nà tí mo fẹ́ lò nínú tíísíìsì mi: ṣé kí n kàn kọ orísun sábẹ́ rẹ̀ ni, àbí kí n tọrọ àyè?

Àdùkẹ́_Kòkòrò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gba ọ̀nà yìí kọjá.

Iṣẹ́ PhD lórí ibà ni mò ń ṣe. Orí kejì, níbi tí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣíwájú wò, ni mo wà báyìí. Àwòrán márùn-ún ni mo fẹ́ lò tí kì í ṣe tèmi. Àkọ́kọ́ ni àwòrán bí kòkòrò ibà ṣe ń ti ara ẹ̀fọn dé ara èèyàn, mo rí i ní ojúlé CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn. Gíráàfù kan wà láti inú jọ́nà tí ilé atẹ̀wé Elsevier gbé jáde, òmíràn láti inú Malaria Journal, ọ̀kan láti inú jọ́nà ilé wa kan tí mo kà lórí AJOL, ojúlé tí wọ́n kó àwọn jọ́nà Áfíríkà sí. Èyí tó kẹ́yìn ni máàpù agbègbè ìwádìí mi, tí gbogbo wa ní ẹ̀ka wa máa ń mú láti inú tíísíìsì àwọn tó ti jáde.

Súpáfáísọ̀ mi ní kí n kọ "Orísun" sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n orí kejì yìí kan náà la fẹ́ sọ di àpilẹ̀kọ fún jọ́nà, àwọn ìyẹn sì ní kí a fi ìwé ìyọ̀ǹda ránṣẹ́ fún àwòrán yòówù tó bá ti jáde níbòmíràn rí. Ṣé ó pọn dandan fún tíísíìsì náà? Ta ni wọ́n ń bẹ̀ gan-an, òǹkọ̀wé ni àbí ilé atẹ̀wé? Ṣé wọ́n ń gba owó? Dọ́là ò ṣe é fẹnu pè lásìkò yìí.

Jẹ́jẹ́_Layé

Àbúrò, kọ orísun sí i kí o máa bá tìrẹ lọ. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, bí àwọn tó kọ́ wa ṣe ṣe é nìyẹn. Ta ni yóò ti Amsterdam, níbi tí Elsevier wà, wá yẹ tíísíìsì rẹ wò nítorí gíráàfù kan? Àwọn ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dá ọ lẹ́jọ́ gan-an ò kà á tán.

Ìyá_Ìwé

Jẹ́jẹ́, ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà o. Nígbà tí tíísíìsì ṣì ń jókòó sórí pẹpẹ láìbírì tí eruku ń bò ó, ọ̀rọ̀ yín lè jóòótọ́. Ní báyìí, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, PDF rẹ̀ ń lọ sórí ibi-ìpamọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Google sì ń gbé e jáde fún ẹni tó bá wá a. Láìbírì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi-ìpamọ́ yẹn wà lára iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀.

Àdùkẹ́, ohun méjì ni súpáfáísọ̀ rẹ lọ́ pọ̀. Orísun tí o kọ sábẹ́ àwòrán ń jẹ́ kí ayé mọ̀ pé o kò sọ iṣẹ́ oníṣẹ́ di tìrẹ. Ìyọ̀ǹda jẹ́ ti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí Òyìnbó ń pè ní copyright. Bí mo bá ró ìró ọ̀rẹ́ mi lọ sóde láìtọrọ, tí mo wá ń pariwo lágbo pé "ti Lágbájá ni o, èmi kọ́ ni mo ni ín," n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ṣé mo tọrọ rẹ̀?

Ta ló wá ni ín? Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, pàápàá àwọn tí èèyàn ń sanwó kí ó tó kà, òǹkọ̀wé ti buwọ́ lùwé, ó ti gbé ẹ̀tọ́ náà fún ilé atẹ̀wé. Nítorí náà, bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ya gíráàfù náà bá fi ímeèlì dá ọ lóhùn pé "lò ó, kò burú," inú rere rẹ̀ ni. Àṣẹ lè má sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ ka ìlà kékeré tó wà ní ojú ewé kìíní àpilẹ̀kọ náà, níbi tí àmì © wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ ẹni tó ni ín, àti láísẹ́ǹsì tí wọ́n fi gbé e jáde.

Nínú márùn-ún tí o kà, méjì ti yanjú. Ti CDC kọ́kọ́: òfin Amẹ́ríkà sọ pé kò sí ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Àwòrán kòkòrò ibà tó wà ní DPDx, ẹ̀ka wọn tó wà fún àwọn kòkòrò àfòmọ́, ti gbogbo ayé ni. Dárúkọ CDC sábẹ́ rẹ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n má rò pé gbogbo ohun tó wà ní ojúlé wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àkójọ àwòrán kan tó ń jẹ́ PHIL. Lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ìlà kan wà tó ń sọ bóyá ẹ̀tọ́ àdàkọ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò ní, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló yá CDC.

Malaria Journal náà rọrùn. BioMed Central ló ń gbé e jáde, CC BY, láísẹ́ǹsì Creative Commons tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo iṣẹ́ náà, ni wọ́n fi gbé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ wọn jáde, ṣùgbọ́n wo èyí tó wà lójú ewé tìrẹ. Bí CC BY bá ni, o ò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Láísẹ́ǹsì náà ní kí o dárúkọ àwọn tó ṣe é, kí o fi líǹkì láísẹ́ǹsì sí i, kí o sì sọ ọ́ bí o bá yí nǹkan kan padà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Wọ́n á gé apá B kúrò lára àwòrán, wọ́n á pa àwọ̀ rẹ̀ dà, wọn ò ní sọ fẹ́nì kan. Tí o bá rí NC lára láísẹ́ǹsì, kò gbọdọ̀ wọ ọjà. Tí o bá rí ND, bó ṣe wà ni kí o gbé e, má gé e, má kùn ún.

Mo ń bọ̀ wá sórí Elsevier, ẹnì kan ń dúró dè mí nídìí tábìlì.

Akẹ́míkà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín parí rẹ̀, mà. Àwòrán tí mo gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ fún tíísíìsì tèmi pọ̀ díẹ̀.

Àdùkẹ́, lọ sójú ewé àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ lórí ScienceDirect, ojúlé Elsevier. Kì í ṣe ResearchGate tí àwọn onímọ̀ ń kó iṣẹ́ wọn sí o, ibẹ̀ ò lè fún ẹ láṣẹ kankan. Wá ibi tí wọ́n kọ "Get rights and content" sí. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, á gbé ẹ lọ sí RightsLink, ibi tí wọ́n ti ń gba ìyọ̀ǹda, èyí tí Copyright Clearance Center ń bójú tó. Ṣí àkáǹtì síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á bi ẹ́ níbi tó o fẹ́ lò ó, mú tíísíìsì. Wọ́n á bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ mú níbẹ̀, mú àwòrán àti tébù, kó o kọ iye rẹ̀. Bébà ni àbí orí kọ̀ǹpútà? Mú méjèèjì, torí PDF ẹ ń lọ sórí ibi-ìpamọ́ tí Ìyá Ìwé ń sọ yẹn. Ṣé ìwọ lo kọ àpilẹ̀kọ náà? Ṣé o máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè míì? Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọlé iṣẹ́ ẹ, orúkọ yunifásítì, àti ìgbà tó o retí láti gbé e kalẹ̀.

Tó o bá dé ibi iye owó, fún tíísíìsì, 0.00 USD ni wàá sábà bá níbẹ̀. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á rí òdo, wọ́n á ní "á, ọ̀fẹ́ ni," wọ́n á ti ojú ewé náà pa. Nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ò ní jáde àfi tó o bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin pé o gba àdéhùn wọn. Nọ́ńbà yẹn àti PDF tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ ni ẹ̀rí. Kó gbogbo PDF yẹn sínú fódà kan, kó o so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn tíísíìsì.

Ka àdéhùn náà. Ti Elsevier sọ bó o ṣe máa kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán: orúkọ jọ́nà, ìdìpọ̀, àwọn òǹkọ̀wé, àkọlé, ojú ewé, ọdún ẹ̀tọ́ àdàkọ, kó o wá parí rẹ̀ pé Elsevier ló yọ̀ǹda. Ó tún sọ pé tí tíísíìsì ẹ bá di ìwé títà lọ́jọ́ iwájú, kó o padà wá tọrọ lákọ̀tun.

Àwọn ACS, ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì Amẹ́ríkà, náà wà lórí RightsLink, wọn ò gba owó lọ́wọ́ mi fún tíísíìsì. Ti IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, rọrùn jù, wọn ò ní kó o gba láísẹ́ǹsì fún tíísíìsì rárá. Gbólóhùn tí wọ́n fi ṣe àṣẹ wà lójú ewé náà, tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o sì fi àmì © àti ọdún pẹ̀lú orúkọ IEEE sábẹ́ àwòrán.

Bọ̀dé_Engine

Ẹ dákun, èmi ni mo kọ àpilẹ̀kọ tèmi, Elsevier ló gbé e jáde, mo sì fẹ́ kó o sínú tíísíìsì odindi. Ṣé mo máa tọrọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ya?

Akẹ́míkà

Ti Elsevier, rárá. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé, níwọ̀n ìgbà tí tíísíìsì náà ò bá wọ ọjà. Ṣáà kọ orúkọ jọ́nà náà síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé atẹ̀wé míì, ka ìwé tó o buwọ́ lù kó o tó dá ara ẹ lójú.

Jẹ́jẹ́_Layé

Gbogbo ìrìn àjò yìí nítorí gíráàfù! Òfin Nàìjíríà ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè.

Lọ́yà_Ẹ̀kìtì

Ẹ gbọ́ dáadáa, Jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́ ọ tán.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Abala 20 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwa ń pè ní fair dealing, ìyẹn ìlò iṣẹ́ oníṣẹ́ tí òfin gbà láìtọrọ àyè. Ó dárúkọ ìwádìí tí kì í ṣe ti òwò àti ẹ̀kọ́ ti ara ẹni. Ó tún dárúkọ lámèyítọ́ àti àyẹ̀wò iṣẹ́, bí èèyàn bá ti dárúkọ oníṣẹ́. Ìyẹn ni ibi tí ẹ dúró sí. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí a wo nǹkan mẹ́rin kí a tó mọ̀ bóyá ìlò náà tọ́: kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ wo ni, báwo ni ohun tí wọ́n mú ṣe pọ̀ tó nínú odindi, àti ìpalára wo ni yóò ṣe fún ọjà ẹni tó ni ín. Adájọ́ ló ń wọ̀n ọ́n, ẹjọ́ sí ẹjọ́. Kì í ṣe káàdì tí èèyàn ń fi han sójà lẹ́nu géètì.

Bí a bá mú gíráàfù kan nínú àpilẹ̀kọ, tí a tò ó sí orí kejì, tí a sì jíròrò ohun tó wà nínú rẹ̀ kíkún, mo lè dúró nílé ẹjọ́ gbè é. Bí a bá tò ó síbẹ̀ kí ojú ewé lè dùn ún wò, tí kò sí gbólóhùn kan tó kàn án nínú ọ̀rọ̀, ojú yóò tì mí láti dìde.

Ìyàtọ̀ kan tún wà. Ohun tí òfin gbà láyè yàtọ̀ sí ohun tí jọ́nà gbà wọlé. Bí olóòtú bá ní òun fẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda, ẹ lè ka abala 20 fún un láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní tẹ̀ ẹ́.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ̀yin lọ́yà! Ẹ gbè mí lókè, ẹ wá já mi jù sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin 1988 ni tiwọn, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2014 kí èèyàn lè fa ọ̀rọ̀ yọ nínú iṣẹ́ oníṣẹ́ láìjẹ̀bi. Síbẹ̀, yunifásítì ibí kì í fi ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣeré. Èyí tí a kó fún àwọn olùdánwò lè ní gbogbo àwòrán nínú. Èyí tó ń lọ sórí ibi-ìpamọ́ ni wàhálà. Bí ìyọ̀ǹda kò bá sí, wọ́n ń yọ àwòrán náà ni, wọ́n á fi àpótí òfìfo síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a yọ ọ́ nítorí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Mo ti ka tíísíìsì tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àlàyé wà lókè, àlàyé wà nísàlẹ̀, ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé kò sí láàárín.

Kò sí ẹni tó mú onítọ̀hún lọ sílé ẹjọ́, Jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa ka irú iṣẹ́ yẹn?

Àdùkẹ́_Kòkòrò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti lọ sórí RightsLink, bí Akẹ́míkà ṣe sọ ló rí, 0.00. Kí n tó tẹ ibi tí èèyàn ti ń sọ pé òun gbà ni mo padà lọ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ gíráàfù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé wọ́n mú un láti inú àpilẹ̀kọ mìíràn, tó jáde nínú jọ́nà Wiley, ilé atẹ̀wé mìíràn, "pẹ̀lú ìyọ̀ǹda." Ṣé ìyọ̀ǹda tí àwọn ìyẹn gbà kò kan èmi náà?

Ìbéèrè kejì: láísẹ́ǹsì tí mo bá gbà fún tíísíìsì, ṣé mo lè fi ṣe ti àpilẹ̀kọ jọ́nà náà?

Ìyá_Ìwé

O káre. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò.

Kò kàn ọ́. Wiley yọ̀ǹda fún àwọn, fún àpilẹ̀kọ wọn yẹn nìkan. Elsevier kò ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láti fún ọ, bí ẹ̀rọ RightsLink bá tilẹ̀ gbowó tàbí kọ òdo. Kódà nínú àpilẹ̀kọ CC BY, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kan pé ibòmíràn ló ti wá, láísẹ́ǹsì àpilẹ̀kọ náà kò bo àwòrán yẹn. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ìwé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe rí náà nìyẹn: CC BY-NC-SA 3.0 IGO ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde báyìí (SA ní kí ohun tí o bá fi ṣe wà lábẹ́ irú láísẹ́ǹsì kan náà), ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn náà, àmì WHO fúnra rẹ̀ sì ni wọn ò fẹ́ kí o lò.

Nítorí náà, tọ ipasẹ̀ gíráàfù náà lọ sí àpilẹ̀kọ Wiley. Àǹfààní mìíràn wà nínú rẹ̀: ìwọ yóò ka iṣẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, ìwọ yóò sì mọ̀ bóyá àwọn tó mú un lẹ́yìn wọn gbé e bó ṣe rí. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé ìlà àṣìṣe kúrò lára ọ̀pá gíráàfù kí ó lè mọ́ lójú.

Ìbéèrè kejì: rárá. Ìlò kan, láísẹ́ǹsì kan. Ti àpilẹ̀kọ jọ́nà, padà sí RightsLink, kí o yan pé inú jọ́nà lo fẹ́ lò ó, kí o kọ orúkọ ilé atẹ̀wé tó fẹ́ gbé e jáde. Owó lè wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ilé atẹ̀wé ńlá kan ti bá ara wọn ṣe àdéhùn lábẹ́ ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ́ STM pé òǹkọ̀wé tó ń kọ fún ọ̀kan nínú wọn lè mú àwòrán títí dé mẹ́ta láti inú àpilẹ̀kọ kan tó jẹ́ ti èkejì, láìsan kọ́bọ̀. Elsevier àti Wiley wà níbẹ̀. Wo orúkọ ilé atẹ̀wé tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí bóyá ó wà lára wọn.

Àgbà_Olùkọ́

Ẹ kú ìjíròrò. Kò tíì sí ẹni tó fọwọ́ kan jọ́nà ilé wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù.

Àdùkẹ́, AJOL kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn. Ilé tí wọ́n kó wọn sí ni. Jọ́nà fúnra rẹ̀ ló ni àṣẹ, nígbà mìíràn òǹkọ̀wé. Kò sí RightsLink níbẹ̀, kò sí bọ́tìnì kankan láti tẹ̀. Ímeèlì olóòtú tó wà lójú ewé jọ́nà lè jẹ́ ti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ mọ́.

Mo ti jẹ́ olóòtú irú jọ́nà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tí ń wọlé sí wa máa ń sọ pé: "Sà, mo fẹ́ lo àwòrán yín." Àwòrán wo? Nínú ìdìpọ̀ wo? Láti ṣe kí ni? Lẹ́tà tí mo ń dá lóhùn lójú ẹsẹ̀ ni èyí tó sọ àkọlé àpilẹ̀kọ, ìdìpọ̀, ọdún, ojú ewé àti nọ́ńbà àwòrán. Tó sọ pé fún tíísíìsì ni, ní yunifásítì báyìí, pé yóò wà lórí bébà àti lórí ibi-ìpamọ́. Tó sọ bóyá ó fẹ́ yí nǹkan padà. Tó wá kọ ìlà kan sísàlẹ̀ fún mi láti buwọ́ lù. Bí o bá ti kọ ìlà ìyọ̀ǹda náà sílẹ̀ fún olóòtú, iṣẹ́ rẹ̀ ku kí ó buwọ́ lù ú. Fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé tí wọ́n kọ ímeèlì rẹ̀ sínú àpilẹ̀kọ, òun ló máa ń mọ ẹni tó di olóòtú báyìí.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá fèsì, àìfèsì kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni." Mo rí àwọn tó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti gbìyànjú títí. Ìyẹn lè fi hàn pé o ṣe dáadáa, kò di àṣẹ. Nígbà náà, gbé àwòrán náà jù sílẹ̀. Kà á, fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tó fi hàn, tọ́ka sí i. Èmi ò tíì rí tíísíìsì tó wó nítorí pé gíráàfù kan kò sí nínú rẹ̀.

Tàbí kí o yà á fúnra rẹ láti inú iye tó wà nínú tébù wọn. Ìyẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń bójú tó.

Lọ́yà_Ẹ̀kìtì

Mo gbè yín lẹ́yìn níbẹ̀, sà. Iye àwọn tí ibà ṣe, ìwọ̀n òjò, ọjọ́ orí, òtítọ́ nípa ayé ni, kò sí ẹni tó ni ín. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ gbangba lọ́dún 1991 nínú ẹjọ́ Feist, tó dá lórí ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù. Bí wọ́n ṣe ya gíráàfù náà ni ẹ̀tọ́ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi yà á tán jẹ́ kí a bo bébà mọ́ ọn lójú kí a máa tẹ̀lé ìlà. Bí ẹnì kan bá tún àwòrán onímọ̀ kan yà, tí ọfà, àpótí àti àwọ̀ rẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àyípadà lẹ́nu lásán ni, ọ̀pọ̀ ilé atẹ̀wé yóò ṣì béèrè ìyọ̀ǹda.

Onímáàpù

Ọ̀rọ̀ máàpù agbègbè ìwádìí ló gbé mi wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ a sinmi àṣà yìí. Mo ti rí máàpù ìjọba ìbílẹ̀ kan tó ti inú tíísíìsì kan bọ́ sí òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n ń tún un yà, títí àwọn orúkọ ìlú fi di àmì dúdú. Ìwọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sọ pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ kìlómítà márùn-ún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ lójú ẹ̀rọ láìmọye ìgbà. Lábẹ́ rẹ̀: "Orísun: iṣẹ́ pápá, òǹkọ̀wé." Pápá wo?

Àdùkẹ́, gba QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni. Tí ààlà orílẹ̀-èdè àti ìpínlẹ̀ bá tó ọ, mú dátà máàpù ti Natural Earth, kò sí ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí rẹ̀ rárá. Òpópónà, odò àti abúlé wà lórí OpenStreetMap. Ohun tí wọ́n béèrè ni kí o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ máàpù pé dátà náà jẹ́ ti àwọn olùkópa OpenStreetMap, kí o sì tọ́ka sí láísẹ́ǹsì wọn. Fi GPS fóònù mú ibi tí o ti kó ẹ̀fọn, gbé e lé e lórí. Máàpù tìrẹ nìyẹn. Bí o bá há síbìkan, kọ̀wé síbí, màá dá ọ lóhùn.

Jẹ́jẹ́_Layé

Kí ló dé tí kò ní kàn sọ fún AI pé kó ya gbogbo rẹ̀ fún un, kí gbogbo wa lọ sùn?

Akẹ́míkà

Ẹ̀gbọ́n, jọ́nà Elsevier àti Springer Nature ò gba àwòrán tí AI yà, yàtọ̀ sí àyè kékeré kan báyìí. Mo sì ti rí ẹ̀fọn tí AI yà fún ẹnì kan: ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Tẹ́nì kan bá fẹ́ àwòrán sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ tó lè tò bó ṣe fẹ́, kó lọ wo Servier Medical Art, CC BY ni wọ́n.

Ọ̀nà_Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má bínú pé mo ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni tèmi. Mo fẹ́ lo àwòrán orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ṣé London ni mo tún máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn?

Lọ́yà_Ẹ̀kìtì

Orí náà fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju ẹ̀tọ́ àdàkọ lọ, kò sí ẹni tó ni irú ẹ̀tọ́ yẹn lórí rẹ̀. Fọ́tò tí wọ́n ya ni wọ́n ń dì mú. Bó ṣe dùn mí tó, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ìyá_Ìwé

Ó dùn mí náà. Ṣùgbọ́n fún tíísíìsì, ọ̀nà wà. British Museum fi CC BY-NC-SA 4.0 sórí àwòrán tó wà nínú àkójọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orí náà jáde níbẹ̀, 1939 ni ó dé ọwọ́ wọn, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Af1939. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn, orúkọ ilé-ìṣúra náà àti láísẹ́ǹsì sábẹ́ àwòrán. Tí ẹ bá fẹ́ sọ tíísíìsì náà di ìwé títà, NC yẹn kò gbà á, ẹ ní láti bá ẹ̀ka tó ń ta àwòrán fún wọn dúnàádúrà.

Tí kò bá pọn dandan kí ó jẹ́ orí ti London yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orí náà wà nílé. Ẹ kọ̀wé sí àjọ NCMM, àwọn ló ń bójú tó ilé-ìṣúra Ifẹ̀, kí ẹ tọrọ àyè láti ya fọ́tò fúnra yín, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú lẹ́tà náà pé yóò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn iṣẹ́ ọnà Yorùbá mìíràn, ẹ wo Metropolitan Museum ní New York. Láti 2017 ni wọ́n ti fi CC0, tó gba gbogbo ayé láyè láìsí àdéhùn kankan, sórí àwòrán àwọn ohun tí ẹ̀tọ́ àdàkọ kò sí lórí wọn mọ́. Ẹ wá àmì "Open Access" lábẹ́ àwòrán kí ẹ tó gbà á sílẹ̀. Ìyẹn, ẹ lè tà á.